Eyínfúnjowó, Orúkọ Tí Wọ́n Kọ

Bí ẹ bá ń ti Kabba bọ̀, tí ẹ dorí kọ apá Àkókó, ẹ ó gba orí afárá kékeré kan tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Pátákó irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ti dógùn-ún. Eyínfúnjowó ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn àlejò máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá kà á, wọ́n á ní orúkọ odò yìí mà dùn o. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ odò náà. Èmi ni mo kọ ọ́, ìyàwó mi ló sì ru ẹrù rẹ̀ títí ó fi wọ káà ilẹ̀ lọ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo rántí orúkọ ọ̀gá tó wá wọn ilẹ̀, mo rántí orúkọ àwọn mẹ́ta tó ń fa ṣéènì ìwọnlẹ̀ fún un, mo rántí orúkọ ajá ẹni tó ń dáná fún wọn. Ogbó ti gba eyín lẹ́nu mi, ó ti gba agbára lórúnkún mi, kò tíì gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò ní kọ ẹyọ kan síbí. Ẹ̀rù orúkọ kíkọ ń bà mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, orúkọ tí mo sì fi ìwé mẹ́fà yẹn kọ ló dá ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Òmìrìn ni odò wa ń jẹ́. Kò tóbi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ á là á kọjá, omi ò ní kan án ní ikùn. Abẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ti ń sun. Ó gba inú oko kọfí kọjá, ó wá di ààlà láàárín àwa àti abúlé tó wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ó yà, ó wọ ilẹ̀ tiwọn lọ pátápátá. Nígbà tí mò ń sọ yìí, Kwara ni àwa, Oǹdó ni àwọn. A máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ pé omi tí a fi fọ aṣọ ní Kwara láàárọ̀ ni àwọn ará Oǹdó fi ń se ẹ̀wà lọ́sàn-án. Àwọn náà á ní, abájọ tí ẹ̀wà àwọn fi ń dùn, iyọ̀ ara wa ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa àti tiwọn ti fi ẹnu kò tipẹ́tipẹ́ pé Òmìrìn ni ààlà. Ẹni tó bá dáko kọjá Òmìrìn ti dáko olóko. Gbólóhùn kan yẹn náà ni, kò sí ìwé.

Kò sí ìyàwó ilé kankan tó gbọ́dọ̀ pe odò yìí lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni, á wá orúkọ ẹ̀yẹ kan fún un: Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Ní abúlé tiwa, a ka odò mọ́ ará ilé. Etí rẹ̀ ni ẹni tó tẹ abúlé wa dó kọ́kọ́ sùn sí, nítorí náà òun ni àgbà ilé, ọkọ gbogbo ìyàwó. Àwọn òkúta funfun báláú ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí a ti ń pọnmi, tí oòrùn bá yọ, wọ́n á máa dán bí eyín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó fi ń pè é ní Eyínfúnjowó. Ọmọ ọkùnrin ilé wa kan kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló gbé ọ níyàwó.

Abúlé tó wà lọ́hùn-ún ni mo ti fẹ́ ìyàwó tèmi. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó pọnmi nílé wa, ìyá mi ló tẹ̀ lé e lọ sódò. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ, ẹ̀rín ni ó sì ń rín.

"Nílé bàbá rẹ, kí lẹ ń pè é?"

"Òmìrìn, mà."

"Ó tán nìyẹn. Má tún pè é mọ́. Ọkọ rẹ ni. Eyínfúnjowó là ń kí i."

"Ẹ̀yin ìyá mi, odò tí mo ti ń tọ̀ sínú rẹ̀ láti kékeré náà ló wá di ọkọ mi lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kúnlẹ̀ kí o tọrọ àforíjì ìtọ̀ náà."

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Á bá ọ ṣe ẹ̀fẹ̀ tán, á sì ṣe ohun tó tọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, n kò gbọ́ Òmìrìn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. N kò sì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ rí. "Wọ́n" ló ń pè mí tí mi ò bá sí níbẹ̀. Wọ́n ti lọ sóko. Wọ́n ò tíì jẹun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó ń ya máàpù dé láti Ìlọrin, nínú jíìpù tí eruku ti sọ di pupa. Awọnlẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá wọn kì í ṣe Yorùbá. Hausa ló ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ, ó ń bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni wọ́n mú láti máa fi ọ̀nà hàn wọ́n, kí n sì máa kọ orúkọ odò, òkè àti ahéré sínú ìwé kan tó ní èèpo dúdú. Inú mi dùn débi pé mo ki pẹ́ńsùlù bọ irun mi wọ ilé, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ní ọjọ́ kẹta, mo kọ orúkọ òkè kan, mo rántí pé àwọn ọlọ́dẹ ní orúkọ mìíràn fún un, mo pa àkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ èkejì, ojú ìwé náà dọ̀tí. Awọnlẹ̀ wò ó, ó wò mí. Ó ní ohun kan, orúkọ kan. Ó ní tí mo bá tún ba ìwé ìjọba jẹ́, òun á wá ẹlòmíràn mú ní Kabba. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹfà ni a dé Òmìrìn. Àwọn afaṣéènì ti gun orí òkè lọ, ó ku èmi àti awọnlẹ̀ nìkan létí omi. Ìyàwó mi wà nínú odò dé orúnkún, ó ń bu omi sí garawa. Awọnlẹ̀ ní òfin tirẹ̀: kì í gba orúkọ omi lẹ́nu afọ̀nàhàn, ẹnu ẹni tó ń mu omi náà ló fẹ́ ti gbọ́ ọ.

"Menene sunan wannan rafi?" ó ń bi í léèrè orúkọ odò.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ sínú omi kí i. "Okun o. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ni odò yìí ń jẹ́," mo bá a túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin lọmọ onílé."

"Ìwọ ni wọ́n bi. Àbí o ò mọ orúkọ omi tí ò ń mu ni?"

Ó wò mí láti ìsàlẹ̀ bí ó ṣe wà. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ fi òun ṣẹ̀rín. "Ẹ̀yin náà! Ẹ fẹ́ kí n pe ọkọ mi lórúkọ lójú àlejò?"

"Pè é. Kò ní nà ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tó tutù. "Eyínfúnjowó," ó wí.

"Madalla," ni awọnlẹ̀ dáhùn, ó dùn mọ́ ọn, ó na ìka sí ìwé mi pé kí n kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó yẹ kí n kọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kí n ní ọ̀gá, orúkọ ẹ̀yẹ nìyẹn, Òmìrìn ni òótọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ní kí obìnrin náà dáhùn, ó ti dáhùn tán, ọ̀gá ti gbọ́. Ohun kan, orúkọ kan. Mo rí jíìpù tó ń lọ sí Kabba lọ wá ẹlòmíràn. Òmíràn tún wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó mi wù mí nínú ìwé ìjọba. Oyún àkọ́bí wa ń bẹ nínú rẹ̀ nígbà náà. Mo wò ó nínú omi, mo wò ó pé ohun tí ó wí yìí á lọ sí Ìlọrin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kò ní parẹ́. Mo rọra kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fín igbá. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún un pé mo kọ ọ́. Ó gbá mi léjìká. Ó ní, "Ẹ ò dáa o. Àwọn ọkọ mi yòókù á máa jowú." A jọ rẹ́rìn-ín títí.

Iṣẹ́ parí, jíìpù lọ. Ọdún ń gorí ọdún, a bí ọmọ mẹ́rin, mi ò rántí ìwé èèpo dúdú mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn ààlà dé. Kì í ṣe àwa àti ará ọ̀hún ló jà. Àwọn tó wà lókè ni wọ́n fẹ́ mọ ibi tí Kwara parí sí tí Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan wá, àwọn ènìyàn tó wọ bàtà awọ tó mọ́ tónítóní. Àwọn àgbà wa àti àwọn àgbà ọ̀hún dúró lójú kan, wọ́n sọ gbólóhùn kan náà fún wọn: Òmìrìn ni ààlà. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tẹ́ máàpù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Lórí máàpù náà, Òmìrìn wà ní apá Oǹdó, nítorí pé awọnlẹ̀ tiwọn bi bàbá àgbàlagbà kan léèrè, ó sì dá a lóhùn bí ọkùnrin. Àmọ́ ní apá tiwa, odò kan náà ń jẹ́ Eyínfúnjowó. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé Òmìrìn láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi méjì ti pàdé, wọ́n ní ọ̀kan tí ń jẹ́ Eyínfúnjowó, kò lè jẹ́ Òmìrìn, nítorí náà èkejì ni. Èkejì yìí, ìṣàn omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tó ń gba ẹ̀yìn oko wa kọjá, kò tilẹ̀ lórúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ri òpó sí. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín omi méjèèjì di ti Oǹdó lọ́sàn-án gangan.

Oko kọfí ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀.

Bàbá wa ti kú kí n tó mọ ojú. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé ìwé fún ọdún mẹ́fà, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìwé tó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé mi lọ kà ni mo fi gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pe ìpàdé sí iwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àgbà tó dàgbà jù lábúlé ló jókòó láàárín. Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. Àgbà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi.

"Ìwọ lo bá àwọn ará máàpù rìn nígbà yẹn. Ta ló pe odò wa ní orúkọ àwọn ìyàwó fún wọn?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí itan rẹ̀, mo rí bí ó ṣe di ìkúùkù. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Orí òkè ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n débi odò, lọ́dọ̀ àwọn afaṣéènì."

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, kò là mí lóògùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, "Ẹni tó wà lódò lọ́jọ́ náà kò jìnnà. Mo rí i tó ń gbé garawa bọ̀, mo rí jíìpù. Ọmọ ará ọ̀hún ni. Ẹ pè é." Wọ́n pe ìyàwó mi. Ó ti oko ata wọlé, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó kúnlẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí mo ti wí.

"Ìwọ lo sọ fún àlejò pé odò wa ń jẹ́ Eyínfúnjowó?"

"Èmi ni, bàbá. Bí àwa ìyàwó ṣe ń pè é ni mo pè é."

"O mọ orúkọ rẹ̀ gan-an?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Kò tọ́ sí mi láti pè é."

Àwọn àgbà mi orí. Wọn kò lè dá a lẹ́bi lórí ìyẹn, àwọn ló kọ́ ọ. Àgbà tún bi í:

"Ta ló wá kọ ọ́?"

"Wọ́n ni wọ́n kọ ọ́."

Èmi nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ. Òun kò lè pe orúkọ mi níwájú àgbà, kò tiẹ̀ ní pè é nínú yàrá wa. "Wọ́n" yẹn, èmi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn tó jókòó, àwọn ará máàpù ni wọ́n gbọ́. Àgbà ní, "Àwọn àlejò náà?" Ìyàwó mi gbójú sókè, ó wá ojú mi láàárín àwọn ọkùnrin. Mo wo ilẹ̀. Àwọn èèrà pupa kan ń wọ́ ìyẹ́ kòkòrò kan lọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń fà á síwá, wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Mo ń wò wọ́n.

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ka ìdákẹ́jẹ́ sí bẹ́ẹ̀ ni.

"Háà," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ gbé. Ó ti fi odò wa ránṣẹ́ sílé."

Nígbà tí a délé, ó bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bá mi jẹun. Àwọn obìnrin ti sọ ohun tí mo wí fún un lọ́nà.

"Ṣé orí òkè lẹ wà lóòótọ́?"

"Jẹ́ kí inú ẹ̀gbọ́n mi rọ̀ ná. Tó bá rọ̀, máa sọ ọ́."

"Ìgbà wo ló máa rọ̀?"

"Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀."

"Òjò ọdún wo?" ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dìde, ó kó àwo. Kò tún bi mí mọ́ láyé.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé iṣu àti àkùkọ, ó kọjá lọ bẹ àwọn ará ọ̀hún kó tó lè ká kọfí tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ gbìn. Ènìyàn rere ni wọ́n, wọn kò lé e, ṣùgbọ́n ó ń lọ bẹ̀ wọ́n lọ́dọọdún. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí mo bá rí i tó di àkùkọ lẹ́sẹ̀, mo máa ń wí nínú mi pé òní ni, mo máa sọ ọ́ lónìí. Mo máa ń bá a gbé iṣu dé ibi odò, mo sì máa ń padà.

Níbi tí a ti ń pọnmi, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé garawa wọn kúrò tí ìyàwó mi bá dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú wọn. Á ní, "Ẹ sún, ẹ sún, ìyá olódò dé. Ẹ má jẹ́ kó ta àwa náà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ń lọ pọnmi níbi ìṣàn omi tí kò lórúkọ, lẹ́yìn oko, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Omi ibẹ̀ pupa, a ní láti dúró kó tòrò kí a tó mu ún. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni mò ń rí òṣùká lórí rẹ̀ tó ń lọ, tó ń kéré, tó wọnú kọfí, mo sì ń jókòó ti ògì mi.

Ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lọ́dún kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọmọ wa káre, o bá wa gba ilẹ̀." Ó padà délé lọ́jọ́ náà gan-an, kò sun ibẹ̀. Ó ju ọdún kan lọ kó tó tún dé ilé bàbá rẹ̀. Ó wá jẹ́ pé ó pàdánù odò níhìn-ín, ó pàdánù ilé lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan ló sì lè dá méjèèjì padà fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi kú. Inú rẹ̀ kò rọ̀ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, mo sunkún débi pé àwọn ènìyàn ní mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi di apá mi mú. Òun nìkan ló mọ ìdí tí ẹkún náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àgbà kú. Kwara tiwa di Kogi. Wọ́n ṣe afárá, wọ́n kọ pátákó. Ọ̀ràn ilẹ̀ náà tutù, a fẹ́ ìyàwó lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fẹ́ ìyàwó lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ ọmọ kò mọ ibi tí òpó wà mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún ìyàwó mi kò tutù. Ìyá Olódò. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí, wọ́n rò pé oyè ni. Á dáhùn.

Nígbà tó kú, ọmọbìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kabba jókòó tì mí pẹ̀lú bírò, ó fẹ́ kọ ìtàn ayé ìyá rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí wọ́n ń pè wọ́n ní Ìyá Olódò? Ó dùn, jẹ́ kí n fi sí i."

Mo ní kó má fi sí i.

"Nítorí kí ni?"

Mo yí ojú mi sí ògiri. Ó rò pé mò ń sunkún ni, ó pa ìwé dé, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Mo jókòó níbẹ̀ bí olè tí olóhun ń tù nínú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ilé dá, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó wà ní ìpàdé ọjọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé èèpo dúdú, orí òkè tí mi ò sí, gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ó ní, 'Wọ́n ni wọ́n kọ ọ́,'" ó wí, jẹ́jẹ́. Ó rántí rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. "Wọ́n. Èmi náà tí mo jẹ́ ìyàwó! Èmi náà tí n kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ lórúkọ rí! 'Wọ́n' kan náà ni mo fi ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí. Báwo ni n kò ṣe gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀bi yín kọ́, ìyàwó wa."

"Pa ẹnu dé. Ìwọ kọ́ ló máa sọ ẹ̀bi tèmi fún mi." Ó da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó gbọ́ garawa mi bí mo ṣe ń fà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Á ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.' Ojoojúmọ́ ló ń kí mi bẹ́ẹ̀ kó tó sá fún wa. Ìwọ sì wà nínú ilé."

"Mo wà nínú ilé."

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. Mo rò pé á lé mi jáde. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó lé mi.

"Èmi kọ́ ni o máa sọ ọ́ fún," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ibi tí a ti bà á jẹ́ ni kí o lọ. Lọ láàárọ̀, tí odò bá kún fún obìnrin. Má lọ bá ọkùnrin sọ ọ́ lábẹ́ igi, àwọn yẹn á ní kí o jókòó kí o mu omi."

Mo lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé garawa ìyàwó mi dání, mi ò mọ ìdí rẹ̀, bóyá nítorí kí ọwọ́ mi má ṣófo. Ẹ̀rọ omi wà lábúlé báyìí, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ìyàwó kékeré kún etí omi, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń pariwo. Òkúta funfun ṣì wà nísàlẹ̀.

"Okun o, Bàbá! Ẹ̀yin náà wá pọnmi? A ò sí nílé ni?"

"Ẹ gbé garawa wá, Bàbá, ẹ má dààmú."

Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ni mo bá wá. Mo sọ pé odò yìí kì í jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti Mopa, tó pọn ọmọ, bi mí pé kí ló ń jẹ́ nígbà náà. Mo ní Òmìrìn. Ó bo etí rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọwọ́ tó ní ọṣẹ.

"Bàbá! Ẹ fẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ọkọ mi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń kọ́ wọn. Mo dúró kí ẹ̀rín náà tán. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olódò kò ta odò kankan, ohun tó tọ́ sí ìyàwó láti wí ló wí, níbí yìí gan-an, lórí ìkúnlẹ̀, omi sì dé ìbàdí rẹ̀.  Aṣọ kan ń ṣàn lọ, kò sí ẹni tó mú un.

Ìyàwó kékeré náà ló bi mí. Kò mọ̀ pé ìbéèrè àgbà ni, kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ nílẹ̀ ju ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ta ló wá kọ ọ́?"

"Èmi ni," mo dá a lóhùn. "Èmi ni mo kọ ọ́."